Ìkòkò Obìnrin, Láti Ààfin Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ yí ogún náírà padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé onírọ́bà yìí jáde ní 2007, mo ṣebí ọ̀kan nínú àwọn ìyá amọ̀kòkò Dada, l'Ókèlèlé, Ìlọrin níbí, ni wọ́n yà síbẹ̀.

Kì í ṣe ará ibí. Ladi Kwali ni, ọmọ Gbàgyí láti abúlé Kwali. Ọwọ́ ìyá kan nínú ẹbí rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré. Ààfin Ẹ́míà Àbújá, ìlú tó ń jẹ́ Suleja lónìí, ni òyìnbó amọ̀kòkò kan, Michael Cardew, ti rí ìkòkò rẹ̀. Ní 1954, Ladi wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọkùnrin.

Àwọn kan á sọ pé òyìnbó ló kọ́ ọ níṣẹ́. Irọ́ ni! Àwọ̀ dídán tí wọ́n fi ń bo ìkòkò àti ààrò tó gbóná kọjá iná ìta gbangba ló bá níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé wá. Lára ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni àwọn ti Dada ti ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ladi ní tirẹ̀ á lọ́ amọ̀ bí okùn, á tò ó lé ara wọn, á máa fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ká. Lẹ́yìn náà ló máa fín alángbá, ọ̀nì àti àkekèé sí i lára.

Ní 1958, wọ́n pàtẹ ìkòkò Àbújá ní Berkeley Galleries, Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tún ṣe é ní 1959 àti 1962. Bí ohun tí a fi ń tọ́jú omi ṣe di ohun àwòyanu nìyẹn. Ní 1974, ọmọ Kẹ́ńyà kan, Magdalene Odundo, tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú ọba, wá sí Àbújá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ladi.

Ìyá náà ti kú láti 1984 kí Jareh Das, olùṣètò ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, tó kó iṣẹ́ àwọn méjèèjì àti ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn jọ ní Two Temple Place, Lọ́ńdọ̀nù, ní 2022. Body Vessel Clay ni wọ́n pe ìpàtẹ náà: iṣẹ́ amọ̀ àádọ́rin ọdún, ìran mẹ́ta.

Ní Dada, ẹni tó fẹ́ ra àmù á fi ìka kàn án kó kó, á tẹ́tí bóyá ó ti sán. Ní ilé ìpàtẹ, ta ní máa jẹ́ kí o fọwọ́ kàn án?