Àṣàyàn àdánidá nínú àṣà àti iṣẹ́ ọwọ́

Àṣàyàn àdánidá (natural selection) ni àlàyé tí Charles Darwin àti Alfred Russel Wallace gbé jáde ní 1858 nípa bí ẹ̀dá alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ohun mẹ́ta ló dúró lé: kí ẹ̀dá yàtọ̀ síra, kí ọmọ jọ òbí, kí ìyàtọ̀ náà sì mú kí àwọn kan bímọ ju àwọn yòókù lọ. Kò sí èyí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti ẹlẹ́mìí nìkan. Ìdí nìyẹn tí Donald Campbell, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, fi lò ó fún bí ìmọ̀ ṣe ń dàgbà ní 1960, tí àwọn onímọ̀ méjì, Robert Boyd àti Peter Richerson, sì fi ìṣirò lò ó fún àṣà ní 1985.

Iṣẹ́ àdìrẹ ní Abẹ́òkúta fi èyí hàn kedere. Ọmọ ń kọ́ batani lọ́wọ́ ìyá, àjogúnbá nìyẹn. Ìyàtọ̀ ń yọ nígbà tí ìko bá tú, tí ẹ̀kọ láfún bá ṣàn kọjá ààyè rẹ̀, tàbí tí aláró bá mọ̀ọ́mọ̀ dá tuntun. Ní ọjà Ìtòkú, èyí tó bá tà ni wọn yóò tún ṣe. Nígbà tí àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í gé páànù láti fi tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ dípò kí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kùn ún, iṣẹ́ yá, batani tó bá páànù mu sì tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà nìkan ló ń yàn; àṣẹ aláṣẹ pẹ̀lú máa ń yàn. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de aró òyìnbó àti sódà tí wọ́n ń lò dípò èlú àti eérú. Àwọn aláró ta kò ó, òfin náà kò sì pẹ́.

Dan Sperber, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ní èrò kì í ràn bí àbùdá (gene) ṣe ń ràn láti òbí sí ọmọ, nítorí olúkúlùkù ló ń tún un mọ lọ́kàn ara rẹ̀. Àtakò tó lágbára ni. Àṣìlò tó burú jù ni ti àwọn tó gba gbólóhùn Herbert Spencer, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1864, pé ẹni tó yẹ jù ló ń yè, tí wọ́n fi dá ìnilára láre. Pé nǹkan yè kò sọ pé ó dára. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ń gbé batani àdìrẹ wá sí Ìtòkú lónìí: batani ń pọ̀ sí i, ọwọ́ tó mọ èlú ń dín kù.