Níbo Ni Èèkù Idà Wà? Bí Ìjọba Ṣe Ń Mú Ilé-Iṣẹ́ Òkèèrè

Àwọn àgbà ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ìjọba àti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò kárí ayé ṣe rí nìyẹn. Olú ilé-iṣẹ́ wà lókè òkun, àwọn ọ̀gá pátápátá wà lọ́hùn-ún, èrè náà sì ń gba ibẹ̀ lọ. Kí wá ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó jókòó sí Màítámà, l'Ábújá, yóò dì mú?

Ìforúkọsílẹ̀ ni èèkù àkọ́kọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní kí ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá fẹ́ ṣòwò ní Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbí ná, àyàfi èyí tí wọ́n bá yọ̀ǹda. Ẹni tó nílé la lè mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ bá.

Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ló mú jù. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ta síìmù lábẹ́ agboòrùn ní Nyanya lẹ́bàá Àbújá rántí ìgbà tí èèyàn ń ra síìmù bí ẹni ra bọ́ọ̀lì, láìsí ẹni tó bi í lórúkọ. Òfin ọdún 2011 fòpin sí i: 200,000 náírà ni ìtanràn lórí nọ́ńbà kan tí kò ní orúkọ. Nígbà tí Boko Haram ń dààmú Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ náà di ti ààbò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2015, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù, ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.2 irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí MTN, ilé-iṣẹ́ fóònù láti South Africa, lọ́rùn. Ìṣirò náà já sí tírílíọ̀nù 1.04 náírà. Ọ̀gá àgbà MTN kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

MTN gba kóòtù lọ, ó tún fa ẹjọ́ náà padà, òun àti ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá-dúrà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, ìtanràn náà di bílíọ̀nù 330 náírà, tí MTN yóò san láàárín ọdún mẹ́ta, tí wọn yóò sì ta ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà. Àwọn kan ní ìjọba rọ̀ jù. Bóyá ni. Ṣé ìjọba fẹ́ gba ìwé àṣẹ náà padà, kí fóònù apá kan orílẹ̀-èdè dákẹ́? Idà yẹn olójú méjì ni.

Facebook kò ní òpó kankan tí a lè tì pa. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, fi ọdún mẹ́ta ó lé ṣèwádìí bí Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn aráàlú lórí WhatsApp, ó sì bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé e ní ọdún 2024. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ọjà ọ̀hún fúnra rẹ̀ ni èèkù níbẹ̀: èrò Nàìjíríà pọ̀ ju ohun tí oníṣòwò á fi sílẹ̀ lọ.

Ní Kano, èèkù náà kò tètè bọ́ sọ́wọ́. Àìsàn yírùnyírùn ń jà ní ọdún 1996 nígbà tí Pfizer, ilé-iṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà, dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Nǹkan bí 200 ọmọ ni wọ́n lò fún ìdánwò náà, 11 nínú wọn kú. Pfizer ní àìsàn ló pa wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ti palẹ̀ mọ́. Ọdún 2007 ni ìjọba tó pẹjọ́. Ní 2009, wọ́n fẹnu kò sí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìjẹ́ pé Pfizer gbà pé òun jẹ̀bi. Ọdún 2011 ni ìdílé mẹ́rin tó ṣọ̀fọ̀ ọmọ kọ́kọ́ gbowó, lẹ́yìn àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé àwọn ló bí ọmọ.