Bí Òkè Oníná Ṣe Ń Pín Òjò àti Oòrùn ní Erékùṣù

Ará Àjàṣẹ́ tó bá fẹ́ fojú rí òkun, Sẹ̀mẹ̀ ló sábà máa ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n òkun Sẹ̀mẹ̀ kì í ṣe òkun ìlúwẹ̀ẹ́. Ìgbì rẹ̀ le, ó sì ń fa ènìyàn lọ. Abájọ tí ẹni tó bá rí owó kó jọ fi ń wá erékùṣù tí yóò ti ṣe ìsinmi létíkun, nínú oòrùn. Púpọ̀ nínú àwọn erékùṣù tó wà lójú òkun níwájú Áfíríkà ló jẹ́ òkè oníná tó hù láti ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tí kò bá mọ ìṣe irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ lè sanwó oòrùn, kó wá lọ jókòó sábẹ́ òjò.

Afẹ́fẹ́ tó bá gba ojú òkun kọjá máa ń ru omi. Tó bá dé ìdí òkè, kò lè wọnú òkúta, àfi kó gùn ún. Bó ṣe ń gùn ún ló ń tutù, nǹkan bíi dígírì 1 fún 100 mítà, títí omi inú rẹ̀ á fi di ìkùukùu, tí yóò sì rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń bọ̀. Kó tó dé òdì kejì, ó ti sọ ẹrù kalẹ̀. Bó sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló tún ń gbóná, tó ń gbẹ. Erékùṣù kan ṣoṣo ni o, àmọ́ ẹ̀yìn kan tutù, ẹ̀yìn kejì gbẹ.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Bioko, tí àwọn àgbà mọ̀ sí Fànándò Pò, ní òkè tó ga tó 3,011 mítà. Ní Ureka, ní gúúsù rẹ̀, òjò ọdún kan máa ń tó 10,000 mìlímítà. Ká ní omi náà kò ṣàn lọ ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yóò bò mọ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá sí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, òun náà ló ń lu ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní erékùṣù São Tomé, àríwá ìlà-oòrùn ni ibi gbígbẹ.

Ní àwọn erékùṣù Cape Verde àti Canary, òdìkejì ni. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá níbẹ̀, nítorí náà gúúsù ni oòrùn wà. Òkè Teide tó wà ní Tenerife, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Canary, ga tó 3,715 mítà. Ìkùukùu lè bo àríwá erékùṣù náà bámúbámú, kí àwọn tó wà ní gúúsù sì máa wá ibòji kiri. Orúkọ erékùṣù nìkan kò tó rárá, àfi kéèyàn mọ ẹ̀gbẹ́ tí hòtẹ́ẹ̀lì wà.

Ọjọ́ orí òkè náà tún wà níbẹ̀, òun gan-an ló yẹ kéèyàn fi ọkàn sí jù. Òkè tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí máa ń ga, etí rẹ̀ dà bí ògiri, iyanrìn rẹ̀ sì dúdú, torí òkúta iná tí ìgbì fọ́ wẹ́wẹ́ ni. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀: ó wúwo. Ẹ fi òòfà kọjá lórí rẹ̀, hóró kan á rọ̀ mọ́ ọn, nítorí irin wà nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, kò ṣeé fẹsẹ̀ lásán tẹ̀, sálúbàtà ló gbà. Tenerife tiẹ̀ ní láti kó iyanrìn wá láti Sàhárà lọ́dún 1973 kí etíkun Teresitas tó lè funfun.

Èyí tó ti dàgbà, òjò, afẹ́fẹ́ àti ìgbì ti jẹ ẹ́ kúrú. Fuerteventura, tí òun náà wà ní Canary, ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 ọdún, òkè rẹ̀ tó ga jù kò ju 807 mítà lọ. Òkè kúkúrú kò lè ti afẹ́fẹ́ sókè tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ìkarahun ẹran omi náà sì ti rí àkókò tó pọ̀ tó láti lọ̀ kúnná di iyanrìn funfun. Ọjọ́ orí kan náà ló mú oòrùn àti iyanrìn wá pọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Sal àti Boa Vista, ní Cape Verde, fi dára ju Fogo lọ fún ẹni tó ń wá etíkun. Òkè Fogo ga tó 2,829 mítà, ó sì tu iná láti 2014 wọ 2015, ó bo abúlé Portela mọ́lẹ̀. Òkè Sal kò ju 406 mítà lọ. Ní Pedra de Lume, inú ihò òkè oníná tó ti kú ni omi òkun ń sun sí, tí oòrùn ń gbẹ ẹ́ di iyọ̀. Omi náà níyọ̀ débi pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò ní rì. Omi mímu ńkọ́? Láti inú òkun ni wọ́n ti ń yọ iyọ̀ kúrò kí wọ́n tó mu ún, kí ẹnikẹ́ni má retí igbó tútù. Cape Verde wà nínú CEDEAO, nítorí náà ọmọ Benin kò nílò físà fún 90 ọjọ́. Canary ní tirẹ̀, abẹ́ Spéìnì ló wà, físà Yúróòpù ló gbà.

Ẹni tó bá ń gbèrò oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kó rántí ọyẹ́. Eruku Sàhárà tó ń bo Kétu lásìkò yẹn náà máa ń kọjá sórí òkun dé Sal. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ òjò kò ní rọ̀, àmọ́ ojú ọ̀run á funfun bí ẹ̀kọ, ọkọ̀ òfuurufú sì lè pẹ́ kó tó gbéra.