Bí Ṣíṣètò Kernel Linux fún Káàdì Dísíìkì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, kì í yan káàdì tó ń darí dísíìkì nínú ẹ̀rọ tókunbọ̀ tí wọ́n gbé wá bá a. Èyí tí àwọn tó kọ́kọ́ lò ó lókè òkun fi sílẹ̀ ló máa bá níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtàn bí wọ́n ṣe ń ṣètò kernel Linux (ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) fún káàdì kan pàtó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, ló ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 21, kéde pé òun ń kọ ètò kan, èyí tó wá di Linux, fún kọ̀ǹpútà tó ń lo ẹ̀rọ Intel 386. Ó sọ pé ó ṣeé ṣe kí ètò náà má lè bá dísíìkì mìíràn ṣiṣẹ́ láé yàtọ̀ sí ti AT (irú èyí tí kọ̀ǹpútà IBM AT ń lò), nítorí pé òun nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 0.01, tó jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e, inú fáìlì config.h gan-an ni wọ́n kọ ìwọ̀n dísíìkì sí. Ẹni tí dísíìkì rẹ̀ bá yàtọ̀ ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ pa iye tó wà níbẹ̀ rẹ́, kó kọ ti tirẹ̀ sí i, kó tó yí gbogbo kóòdù náà padà sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́.

Ní ọdún 1992, iṣẹ́ Drew Eckhardt mú kí Linux lè lo dísíìkì SCSI, irú mìíràn tó ní ọ̀nà ìsopọ̀ tirẹ̀. Káàdì SCSI pọ̀, olúkúlùkù ló sì ní driver tirẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tí kernel fi ń bá káàdì ṣiṣẹ́. Mẹ́mórì ìgbà náà kéré, kò gba gbogbo driver pọ̀, nítorí náà ni ètò ìbéèrè, tó ń bi wá léèrè driver tí a fẹ́ kó wọ inú kernel, fi di dandan: y fún ohun tí a fẹ́, n fún ohun tí a kò fẹ́.

Nígbà tí ẹ̀dà 1.2 jáde ní ọdún 1995, ó ti ṣeé ṣe láti fi driver sí ìta kernel, kí a sì pè é wọlé nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá ṣòro, tó sì dùn mọ́ mi jù lọ. Bí driver káàdì dísíìkì bá wà lórí dísíìkì náà fúnra rẹ̀, kernel kò lè kà á, nítorí pé driver yẹn gan-an ni yóò fi kà á. Ó dà bí ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú yàrá. Ẹ̀rọ á dúró, á sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé òun kò lè rí root, ibi tí gbogbo fáìlì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1996, Werner Almesberger àti Hans Lermen mú initrd wá, dísíìkì kékeré inú mẹ́mórì tó ń gbé driver náà dání kí dísíìkì gidi tó ṣí. Ẹni tí kò bá fẹ́ initrd ṣì gbọ́dọ̀ fi y sí driver káàdì rẹ̀, kì í ṣe m, tó ń fi driver sí ìta kernel.

Roman Zippel tún ètò ìbéèrè náà kọ ní ọdún 2002. Lẹ́yìn náà ni Jeff Garzik kọ libata, àkójọ driver fún dísíìkì SATA (irú tuntun tó rọ́pò IDE, ìyẹn irú AT), ó sì gbé e gba ọ̀nà SCSI, èyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń ṣètò fún SATA ní Sábó lónìí ní láti yan driver dísíìkì SCSI pẹ̀lú, orúkọ dísíìkì rẹ̀ á sì máa jẹ́ sda, bíi ti SCSI. Ẹ̀dà 5.14 ti ọdún 2021 yọ driver IDE àtijọ́ kúrò. Libata ló ń bójú tó irú dísíìkì tí Torvalds fi bẹ̀rẹ̀.