Gígùn àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìdàgbà ọmọ: bàtà máa ń há kí ṣòkòtò tó kúrú

Nínú èdè wa, ẹsẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti itan títí dé ìka. Bí a bá ní ẹsẹ̀ ọmọ kan gùn, ẹni tó gbọ́ lè rò pé ojúgun là ń wí. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni tiwa níbí: láti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ dé ṣóńṣó ìka tó gùn jù. Ìka yẹn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àtàǹpàkò o. Lára àwọn ọmọ mìíràn, èyí tó tẹ̀ lé e ló yọ síwájú jù.

Ọmọ tuntun tí oṣù rẹ̀ pé máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ a sì wà láàárín 7.5 sí 8. Àgbàlagbà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, tirẹ̀ á tó 25 tàbí 26. Ẹ ṣírò méjèèjì, ẹ ó rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 gíga ara. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní ọgbọọgba ni wọ́n jọ ń dàgbà. Rárá o. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin wọn ló bára mu. Láàárín méjèèjì, ẹsẹ̀ ló ń ṣíwájú.

Nígbà tí ọmọbìnrin bá pé ọdún 1, tí ọmọkùnrin pé ọdún kan ààbọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ti dé nǹkan bí ìdajì gígùn tí yóò ní lágbà. Egungun itan àti ti ojúgun kì í dé ìdajì tiwọn àfi bí obìnrin bá tó nǹkan bí ọdún 3, kí ọkùnrin sì tó 4.

Ibi tí egungun ti ń gùn ló fà á. Kì í ṣe àárín rẹ̀ ló ń nà. Nítòsí ìkángun egungun ọmọdé ni apá rírọ̀ kan wà, tó rọ̀ bí ti etí àti imú, ibẹ̀ ni egungun tuntun ti ń jáde. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú ìdàgbà. Ìbàlágà á kọ́kọ́ mú kó yára ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà họ́mónù ìbàlágà kan náà á sọ ọ́ di egungun líle, ọ̀rọ̀ gígùn á sì parí níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń dì. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ṣáájú, ti itan àti ojúgun á tẹ̀ lé e, ti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbẹ̀yìn.

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ọmọ ọdún 11 tí bàtà rẹ̀ ti fo nọ́ńbà méjì láàárín ọdún kan, tí ṣòkòtò iléèwé rẹ̀ ṣì kan ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa. Ó lè máa fẹsẹ̀ kọ nǹkan kiri ilé. Gíga tòótọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń dá gígùn dúró láàárín ọdún 12 sí 14. Ti ọkùnrin, 14 sí 16. Ara á ṣì máa ga lẹ́yìn náà. Ẹ má tìtorí pé nọ́ńbà bàtà ọmọbìnrin kò yí padà mọ́ sọ pé ó ti ga tán.

Ṣé ẹsẹ̀ ńlá wá ń sọ pé ọmọ á ga? Tí ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún àgbàlagbà jọ, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ló sábà máa ń ga. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo yàtọ̀. Ẹsẹ̀ tó tóbi ju ti ẹgbẹ́ lọ ní ọdún 11 lè jẹ́ pé ìbàlágà rẹ̀ ló yá, ẹni tó sì tètè bẹ̀rẹ̀ máa ń tètè parí. Ibi tí ọmọ bá ìrìn dé ni ẹsẹ̀ ń sọ. Gíga bàbá àti ìyá ló ń sọ nípa ibi tó ń lọ jù ú lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ìrọ̀lẹ́ ló dára, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn òòjọ́. Ẹ tẹ́ pépà sílẹ̀ kí etí rẹ̀ kan ògiri, kí ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀ iléèwé, kó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, kí gìgísẹ̀ kan ògiri. Ẹ má wọ̀n ọ́n lórí ìjókòó: àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń nà tí ìwúwo ara bá tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké fẹ́ràn láti ká ìka, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́. Ẹ gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle nàró síwájú ìka tó gùn jù, ẹ fa ìlà, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn ẹsẹ̀ kejì náà. Èyí tó gùn jù lẹ máa fi ra bàtà.

Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19.4. Ẹ fi àyè 1.2 kún un, inú bàtà gbọ́dọ̀ gùn tó 20.6. Nọ́ńbà Yúróòpù: ẹ fi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀, 30.9, ìyẹn 31. Nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì á bọ́ sí nǹkan bíi 12 ààbọ̀, àmọ́ tiwọn máa ń dé 13 kó tó tún padà sí 1, ẹ ṣọ́ra fún un lọ́jà tòkunbọ̀.

Láàárín ọdún 3 sí 6, àtẹ́lẹsẹ̀ ń fi nǹkan bíi mìlímítà 1 gùn lóṣù. Nọ́ńbà Yúróòpù kan jẹ́ mìlímítà 6.7, ó sì lè tán láàárín oṣù méje. Ẹni tó bá fo nọ́ńbà méjì torí pé ọmọ á dàgbà sí i ti fún un ní àyè ọdún kan. Fóòmù tí a kì sí iwájú kò tún un ṣe: ibi tí bàtà ti ń ká kò ní bọ́ sí oríkèé ìka mọ́, ọmọ á sì máa fi ìka họ inú bàtà kó má baà bọ́.

Ẹsẹ̀ tó ṣàdédé tóbi láàárín ọjọ́ díẹ̀ kì í ṣe ìdàgbà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì, lókè àtẹ́lẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Tí ojú ibẹ̀ bá jìn sínú tí kò tètè padà, omi ló wọ ẹsẹ̀. Àìjẹunrekánú tó le tàbí àìsàn kíndìnrín wà lára ohun tó ń fà á. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.