“Bí Ọlọ́run ṣe pín in nìyẹn”: Ṣé bákan náà ni iṣẹ́ ọkùnrin àti iṣẹ́ obìnrin rí kárí ayé?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ní iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló wu òun kọ́. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan létí ọ̀sà níbí ní Ẹ̀pẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀gá ṣàdúrà fún un dáadáa, ó wá kọjú sí mi: “Àǹtí, ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ aṣọ rírán. Iṣẹ́ ọkùnrin lèyí. Bí Ọlọ́run ṣe pín in nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí kárí ayé. Ẹ́ńjìnnì yìí wúwo.”

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n pé bẹ́ẹ̀ ló rí kárí ayé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà. Ohun tí èèyàn lè lọ fojú rí ni, àwọn onímọ̀ sì ti lọ wò ó.

Ká tiẹ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ ká dé ọjà Olúwo, níbi tí ìyá ọmọ náà ti ń pa ẹja. Yóò fi ẹ̀yìn àdá gbá ẹja àrọ̀ tó gùn tó apá lórí, yóò fẹsẹ̀ tẹ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò la inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ á dé ìgúnpá. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ló ń ṣe. Lójú wa níbí, ọkùnrin ló ń da àwọ̀n sódò, obìnrin ló ń tajà. Ṣùgbọ́n ẹ wọkọ̀ lọ sí Mile 12, ẹ óò bá àwọn ọkùnrin Hausa tó jókòó ti ata àti tòmátò. Nílùú wọn lọ́hùn-ún, inú ilé ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́hàá ti ń ṣòwò, àwọn ọmọ ló ń bá wọn kiri ọjà. Ẹ bi wá, ẹ bi wọ́n, Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa máa fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Aṣọ híhun ló yà mí lẹ́nu jù. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí àwa náà kò jìnnà sí, obìnrin ló ń hunṣọ lórí òfì tó dúró lóòró. Ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ló ti ń jókòó láti ayébáyé ti òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́, kó tó di pé àwọn obìnrin náà ń bá wọn jókòó sí i. Yorùbá kan náà, aṣọ ni wọ́n jọ ń hun. Bí ẹ bá bi èèyàn níbí, á ní iṣẹ́ inú ilé ni, ó bá obìnrin mu. Lọ́hùn-ún, wọ́n á ní iṣẹ́ tó ń fẹ́ agbára ni. Ẹ̀yìn tí àṣà ti fìdí múlẹ̀ la máa ń wá àwíjàre bẹ́ẹ̀ kiri. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Lọ́dún 1973, George Murdock àti Caterina Provost, àwọn onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kó àkọsílẹ̀ lórí àwùjọ 185 jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀, wọ́n sì béèrè lórí iṣẹ́ 50: ta ló ń ṣe é? Mi ò ní fi apá kan pamọ́ fún yín. Àwọn iṣẹ́ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tọkùnrin níbi gbogbo: irin yíyọ́, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, igi ńlá gígé, pípa ẹran ràbàtà inú òkun. Agbára apá wà níbẹ̀, ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò sì lè rin ìrìn àjò òkun bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan nínú 50 yẹn tó jẹ́ tobìnrin nìkan kárí ayé, oúnjẹ sísè pàápàá kọ́. Aṣọ híhun, ìkòkò mímọ, ẹní híhun, irúgbìn gbígbìn, ọwọ́ ọkùnrin ló wà níhìn-ín, ọwọ́ obìnrin ló wà lọ́hùn-ún.

Àwọn kan á ní, iṣẹ́ lè yàtọ̀, ìwà ńkọ́? Wọ́n á tọ́ka sí ìwádìí tí John Williams àti Deborah Best gbé jáde lọ́dún 1982 lórí orílẹ̀-èdè 30, tí Nàìjíríà wà nínú wọn. Lóòótọ́, ohun tí wọ́n gbọ́ jọra gan-an: ọkùnrin lágbára, ó láyà, obìnrin lójú àánú, ó máa ń tẹrí ba. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n bi àwọn èèyàn. Ohun tí wọ́n ń wí nípa ọkùnrin àti obìnrin ládùúgbò wọn ni wọ́n bi wọ́n. Wọn kò wọn ìwà ẹnikẹ́ni wò. Òkìkí lèyí, òkìkí sì lè kárí ayé láìjẹ́ òótọ́.

Uri Gneezy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìwà fúnra rẹ̀ wò, wọ́n gbé èsì jáde lọ́dún 2009. Wọ́n lọ sáàárín àwọn Maasai ní Tanzania, níbi tí ọkùnrin ti ń pàṣẹ, àti àwọn Khasi ní Íńdíà, níbi tí ogún ti ń tọ̀dọ̀ ìyá wá, tí ilé sì ń bọ́ sọ́wọ́ àbíkẹ́yìn obìnrin. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì àti garawa kalẹ̀: jù ú sí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. O lè gba owó lórí èyí tó bá wọlé, o sì lè yàn láti bá ẹlòmíràn figagbága, kí o gba ìlọ́po mẹ́ta bí o bá borí. Láàárín àwọn Maasai, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ló yan ìdíje, obìnrin 26 péré. Láàárín àwọn Khasi, obìnrin 54, ọkùnrin 39. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìfẹ́ láti díje tí a ní inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ló wà, obìnrin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ẹ́ńjìnnì wúwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, mi ò ní fi rẹ́rìn-ín. Alberto Alesina, Paola Giuliano àti Nathan Nunn fi hàn lọ́dún 2013 pé níbi tí àwọn baba ńlá ti ń fi irin ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà dáko, ọwọ́ ọkùnrin ni oko wà, torí irin náà ń fẹ́ agbára apá. Ibi tí ọkọ́ lásán ti ń ṣiṣẹ́, obìnrin wà lóko dáadáa. Títí dòní, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò lóko, obìnrin tó ń jáde nílé lọ ṣiṣẹ́ kò pọ̀ tó láàárín àwọn ọmọ onírin ìtúlẹ̀. Ẹrù ti kúrò lórí, ọrùn ṣì tẹ̀.

Bí ọ̀gá ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ń gbé ẹ́ńjìnnì Yamaha bọ̀ láti inú ọkọ̀. Ọ̀kan di orí mú, ìkejì di ìdí. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé abẹ́ àtíbàbà. Èmi àti ọmọ náà jọ wò wọ́n.

Ọ̀gá mìíràn ló gbà á. Ọjọ́ Ajé tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Kábúrétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, pé kó tú u, kó fọ̀ ọ́, kó sì tò ó padà. Ó tò ó tán, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ó tún un tú.