Ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ wúrà: kí ni wọ́n ń pè ní àtúntò tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí?

Bí ẹ bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì Morris Minor tàbí MG àtijọ́ kan, tí ẹ rí i pé ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kun ẹ́ńjìnnì rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ má rò pé ẹni tó ni ín ń ṣe fáàrí. Àwọ̀ yẹn ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ kọ́ ló bá ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ti àkọ́kọ́ ti gbó, wọ́n ti gbé e kúrò, wọ́n sì ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà tú palẹ̀, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n sì tún tò. Gold Seal ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àtúntò ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ náà gùn lẹ́nu, àwọn tó ń ta ọkọ̀ àtijọ́ sì máa ń sáré sọ ọ́ kọjá kí oníbàárà tó ráyè béèrè nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká tú òun náà palẹ̀ wò.

Àtúntò yàtọ̀ sí àtúnṣe. Bí gáskẹ́ẹ̀tì bá jó tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àtúnṣe nìyẹn, ibi tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ àtúntò, gbogbo ẹ́ńjìnnì ni yóò di eegun lórí tábìlì. Wọn á yọ písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò ẹ́ńjìnnì, wọn á yọ kráńkíṣáàfù, ọ̀pá tí písítìn ń yí, wọn á fọ ọ̀rá kúrò, wọn á ha ibi tó ti dógùn-ún títí irin blọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an, yóò fi mọ́ kedere. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo inú sìlíńdà kan, ihò tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú lásán, ó ń dán, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ wá ti ìka bọ̀ ọ́, kí ẹ fi èékánná fà á láti ìsàlẹ̀ wá sí òkè. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé ẹnu rẹ̀, èékánná á kọ́ nǹkan. Ibẹ̀ ni ríìngì písítìn máa ń dé kó tó yí padà. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti jẹ, òkè ibẹ̀ kò jẹ, ìyẹn ló ṣe di etí kékeré. Ihò tó rí roboto tẹ́lẹ̀ sì ti ń rí bí ẹyin, torí písítìn kì í tẹ ògiri yíká bákan náà, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń fara tì jù. Kí wọ́n tó lè wo èyí sàn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ sìlíńdà náà fẹ̀ sí i, bóyá pẹ̀lú íǹṣì 0.020, bóyá 0.030 tàbí 0.040, kí wọ́n wá ki písítìn tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ẹ má rò pé ó pọ̀ o: íǹṣì 0.030 kò tó mìlímítà kan. Ti kráńkíṣáàfù yàtọ̀, lílọ̀ ni wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ kó kéré sí i, kí bẹ́rìn, irin tí kráńkíṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, tó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀ wá dí àlàfo tó kù.

Ìdí nìyẹn tí blọ́ọ̀kù fi dà bí ọ̀bẹ tí à ń pọ́n. Gbogbo ìgbà tó bá mú, ó ti dín. Tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ dé nǹkan bí íǹṣì 0.060, ògiri sìlíńdà ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì á ti fẹ́lẹ́ jù. Ó kù kí wọ́n ki irin tuntun tó rí bíi páìpù sínú rẹ̀, kó lè padà sí ìwọ̀n tó bá wáyé.

Tọ́ọ̀nà tó bá mọṣẹ́ lè ṣe gbogbo èyí láìsí pé ilé-iṣẹ́ kankan fọwọ́ sí i. Kí wá ni ìfọwọ́sí fi kún un? Ìwé ìwọ̀n ni, àti orúkọ tó dúró lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló mọ bí àlàfo tó wà láàárín písítìn àti ògiri ṣe gbọ́dọ̀ tó, òun ló mọ irú irin tí fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa ẹnu sìlíńdà, gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó lè ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì lè gbé ìwé ìwọ̀n yẹn fún ẹlòmíràn, kó ní, “Ṣe é báyìí, mo gbà kó o lẹ orúkọ mi mọ́ ọn.” Tó bá bàjẹ́ kí àkókò ìdúró-fún-ọjà (warranty) tó pé, ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i ló máa dáhùn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tiẹ̀ ti kọ ìlànà sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹ̀tàn nínú òwò, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ẹ̀yà ọkọ̀ kan ní “rebuilt” àfi tí wọ́n bá ti tú u palẹ̀, tí wọ́n fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ti pààrọ̀ ohun tó jẹ tàbí tí wọ́n dá a padà sí ipò tó dára. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní “factory rebuilt” ní láti jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó fi irú àtúntò bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ló ti jáde. Ẹ tún un kà dáadáa: wọn kò sọ pé ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì náà ni. “Factory” tó ń ti ẹnu olùtajà jáde lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn tí kò bá àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà tan rárá, kò sì purọ́. Ìfọwọ́sí lẹ gbọ́dọ̀ béèrè.

Láyé Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti 1908 títí di 1927, irú ọ̀rọ̀ báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Bẹ́rìn ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí ẹ máa rà nínú páálí. Babbitt ni, irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ lórí iná, tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì gan-an, tí wọ́n á wá máa gbẹ́ ẹ, tí wọ́n á máa ha á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá kráńkíṣáàfù mu. Ọwọ́ mẹkáníìkì ni ìwọ̀n wà. Tí ọwọ́ rẹ̀ bá gún, ẹ́ńjìnnì ẹ á pẹ́. Tí kò bá gún, ẹ ó tún padà wá láìpẹ́.

V8 tí Ford gbé jáde ní 1932 ló yí nǹkan padà. Sìlíńdà mẹ́jọ nínú blọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, ní iye tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà: irú rẹ̀ kò tíì sí rí. Ṣùgbọ́n inú blọ́ọ̀kù yẹn náà ni èéfín gbígbóná ń gbà kọjá kó tó jáde, torí náà ó máa ń gbóná gan-an, irin rẹ̀ sì lè sán. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló lè tú irú ẹ̀ kó sì tò ó padà dáadáa. Láàárín àwọn ọdún 1930 yẹn, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pàṣípààrọ̀. Oníbàárà á gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ díílà, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n á gbé èyí tí wọ́n ti tún tò sí i, á san owó tí kò tó ti tuntun, á sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Òkú ẹ́ńjìnnì tó fi sílẹ̀ á lọ sí ilé-iṣẹ́, wọ́n á jí i dìde, á sì di ti ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, Ford fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn láṣẹ láti máa bá wọn ṣe é.

Ogun tún ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ní February 1942, wọ́n dá ṣíṣe ọkọ̀ tuntun fún ará ìlú dúró ní Amẹ́ríkà, ó sì di 1945 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mú un pẹ́. Ní Yúróòpù, ẹ̀yìn ogun gan-an ni ìyà pọ̀ jù: irin kò sí, owó kò sí. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀yà tò ní 1947, nígbà tí tuntun gan-an ṣòro láti ṣe, wọ́n sì kó iṣẹ́ náà lọ sí ilé-iṣẹ́ wọn ní Kassel ní 1958. Bóyá kò sí ọkọ̀ tí pàṣípààrọ̀ rọrùn fún bíi Beetle, torí bóòtì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ jíà, ẹ̀yìn ló wà, ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí. Renault bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Choisy-le-Roi nítòsí Paris ní 1949. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá da Austin àti Morris pọ̀ ní 1952, wọ́n pè é ní British Motor Corporation. Àwọn yìí ló ń ta Gold Seal aláwọ̀ wúrà, wọ́n sì ní Silver Seal, aláwọ̀ fàdákà, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó, tí owó rẹ̀ sì kéré sí i.

Nígbà náà, ta ló bìkítà nípa nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì? Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọkọ̀ lọ. Àmọ́ pàṣípààrọ̀ yìí, tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ lọ́wọ́ àkìtàn, ló tún tú ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ká. Ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ kọ́ lẹ gbà padà. Tiyín ti wà lára ọkọ̀ ẹnì kan ní ìlú mìíràn, ti ẹlòmíràn ló wà lọ́dọ̀ yín. Lára Porsche àtijọ́, ẹ lè rí lẹ́tà AT tí wọ́n lù mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, ìkékúrú ọ̀rọ̀ Jámánì fún ẹ̀yà pàṣípààrọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú, ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà dára ni. Lónìí, àmì kan náà ló ń já owó ọkọ̀ wálẹ̀ lọ́jà, torí àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń fẹ́ kí nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá ti inú ìwé ilé-iṣẹ́ mu. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ẹni tó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ní kó tọ́jú rẹ̀ ni ọjà wá ń jẹ níyà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti gbọ́ òórùn owó níbẹ̀. Mercedes-Benz ṣí Classic Center sí Fellbach ní Jámánì ní 1993. Ferrari dá ẹ̀ka Classiche sílẹ̀ ní 2006, àwọn ló ń yẹ ọkọ̀ wò tí wọ́n sì ń fún un níwèé ẹ̀rí, wọ́n tiẹ̀ lè da blọ́ọ̀kù tuntun láti inú àwòrán àtijọ́. Jaguar àti Land Rover ṣí tiwọn sítòsí Coventry ní 2017. Jaguar tún bẹ̀rẹ̀ sí í da blọ́ọ̀kù XK 3.8, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àtijọ́ kan, lákọ̀tun fún àwọn tí tiwọn ti sán, wọ́n sì lè lu nọ́ńbà àtijọ́ yín mọ́ ọn, pẹ̀lú àmì tó máa fi hàn pé ẹ̀dà ni. Àmì yẹn dùn mọ́ mi nínú. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ohun kan ṣì wà tí ìwé ìwọ̀n àtijọ́ kò lè bá yín ṣe. Léèdì (òjé) inú epo pẹtiróòlù ayé ìgbà yẹn ló ń dáàbò bo ibi tí fáàfù ń jókòó lé nínú irin. Amẹ́ríkà ti fòfin dè é fún ọkọ̀ ojú títì láti 1996, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dá títà rẹ̀ ní gbangba dúró ní ìparí 1999. Nítorí náà, Gold Seal tó wà nínú páálí láti ọdún 1965 láìfọwọ́kàn lè ní ìjókòó fáàfù tó rọ̀ jù fún epo òde òní. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi èyí tó le sí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá pátákó irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Lórí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, wọ́n máa ń lu iye tí wọ́n fi gbẹ́ sìlíńdà àti iye tí wọ́n fi lọ kráńkíṣáàfù. Tí ẹ bá rí 0.020, blọ́ọ̀kù yẹn ṣì lè gba ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Tí ẹ bá rí 0.060, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé èló ló fẹ́ yọ kúrò nínú owó náà.